Ẹ Dá Aago Yín Padà

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì là ń pè é, torí òun ló pẹ́ jù lọ ní ọ́fíìsì wa tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Èmi ni mo jókòó sí tábìlì kejì, mo sì gbọ́ àwàdà rẹ̀ títí ó fi sú mi. Bí oníbàárà bá ti béèrè bí ìlú ńlá tó wà lódìkejì ẹnubodè ṣe jìnnà tó, ẹ̀rín á gba ẹnu rẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá gba ilẹ̀, odindi ọjọ́ kan ni. Tẹ́ ẹ bá wọ bàálù, wákàtí kan péré, aago tiwọn sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Aago mẹ́sàn-án lẹ máa gbéra, aago mẹ́sàn-án náà lẹ máa balẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni!"

Ìlú yẹn ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé. Kò lọ kí i rí, torí ó sún mọ́. Ibi tó jìnnà lèèyàn ń múra lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún àbúrò náà, ó pè é lórí fóònù, etí mi sì gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, aago mẹ́wàá ni wọ́n máa gbé mi wọlé. Ẹ jẹ́ kí n rí yín kí n tó wọlé o. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Fọkàn balẹ̀ jàre. Mo ti ṣírò ẹ̀. Bàálù aago mẹ́sàn-án ni mo máa wọ̀."

Lóòótọ́ ló ṣírò ẹ̀ pé. Ilé ìwòsàn náà ò tiẹ̀ jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oorun ò kùn ún mọ́jú. Bó ṣe balẹ̀, ó wo ọrun ọwọ́ rẹ̀, ó bá aago mẹ́wàá níbẹ̀. Ó gbà pé wọ́n ti gbé e wọlé. Ó ní òun ò sunkún, òun ò sáré, òun kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun ń wo báàgì àwọn ẹlòmíì tó ń yí lọ yí bọ̀.

Agbálẹ̀ kan ló ní kó gbẹ́sẹ̀.

"Màámá, ẹ ti pẹ́ níbí o. Ṣé ẹ ń retí èèyàn ni?"

"Rárá. Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́wàá ku díẹ̀."

Ìgbà yẹn ló rántí pé òun ò tíì yí aago ọwọ́ òun padà, ló wá sáré. Bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo kó tó dé. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹnu ọ̀nà ló ń wò títí a fi gbé e lọ. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun mọ̀ pé bàálù ló pẹ́." Àbúrò náà ò jí mọ́.

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é, ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Ó dùn mí, inú sì bí mi, n ò sì rí ẹni tí ǹ bá bínú sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí ìlú yẹn. Kò sí àwàdà kankan. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ní kó mú ọwọ́ wá, ó di ọrun ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń yí aago rẹ̀ padà sẹ́yìn.

"Ìyá, ọ̀la ni mò ń lọ o!"

"Mo mọ̀," ló wí, kò sì dáwọ́ dúró.