Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Lára Ògiri Dókítà

Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń pè é ní Gọ́ọ̀mù, nítorí pé bọ́ọ̀lù tó bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ̀yìn ilé wọn ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín òpó méjì tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, kó lọ dúró síbi tí kò ti ní dí wọn lọ́wọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó sì dí wọn lọ́wọ́ títí wọ́n fi sunkún lọ bá ìyá wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wọ ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè. Ọdún méjìlá ló ti ń ṣọ́ àwọ̀n fún wọn bí aṣọ́lé. Ó ti lọ Ife Àgbáyé méjì, ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rin ló ti ṣẹ́ rí, kò sì sí èyí tó dẹ́rù bà á nínú wọn.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà á báyìí kò ju orí ìṣó lọ: àmì dúdú kan láàárín ojú òsì rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni bọ́ọ̀lù gbá a lójú láti ìtòsí níbi ìgbaradì. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọ ojú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni àmì náà yọ, bí ẹni pé ẹnìkan fi àtàǹpàkò tó ní èédú tẹ dígí. Ojoojúmọ́ ló sì ń fẹ̀ sí i. Tó bá fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ojú kóòṣì á pòórá, etí rẹ̀ méjèèjì nìkan ló máa kù. Ì bá pa á lẹ́rìn-ín, ká ní ojú ẹlòmíràn ni.

Ife Àgbáyé kẹta ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ikọ̀ fẹ́ yẹ gbogbo wọn wò, ojú sì wà lára ohun tó máa yẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá yege kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú. Aṣọ́lé kejì, ọmọ ogún ọdún tó ga bí òpó iná, ti ń dúró. Tó bá wọ ibọ̀wọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ta ló máa bọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀?

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sá tọ̀. Onídìrí ni, òun ló ń dirun fún gbogbo ikọ̀ ní àgọ́. Aláwàdà paraku ni pẹ̀lú, tó ti fi iyọ̀ rọ́pò ṣúgà inú tíì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìmọye ìgbà.

“Bá mi wọ yàrá dókítà,” Gọ́ọ̀mù wí. “Kọ àwọn lẹ́tà tó fi ń yẹ ojú wò wá fún mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ há a sórí.”

Ọwọ́ àbúrò dúró lórí irun tó ń dì. Ó fi ọwọ́ kan bo ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó na ìkejì síwájú rẹ̀. “Àǹtí mi, ìka mélòó nìyí?”

Apá nìkan ni Gọ́ọ̀mù rí, tó parí sínú òkùnkùn.

“Ẹ fẹ́ fọ́jú nítorí bọ́ọ̀lù.”

“Ṣé wàá kọ ọ́ àbí o ò ní kọ ọ́?”

Àbúrò padà sórí irun tó ń dì. “Màá kọ ọ́.”

Lọ́jọ́ kejì ó mú ìwé wá, Gọ́ọ̀mù sì sọ ọ́ di orin tó ń kọ nínú ilé ìwẹ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó jókòó kọjú sí ìwé lẹ́tà tó wà lára ògiri. “Bo ọ̀tún,” dókítà wí, ìyá àgbà kan tí kì í yára. “Òsì la máa kọ́kọ́ wò.”

Bí èéfín nìkan ló rí lára ògiri. Gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́jú mọ́ ìlà tó kẹ́yìn, kó lè jọ òótọ́.

Dókítà kò kọ nǹkan kan. “Tún ti òkè pátápátá kà.”

“A ni, mà.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“A ni.”

Ìyá náà dìde, ó fi ìka kan ògiri. “Àwọn tó kéré bí èèrà wọ̀nyí, o ò ṣi ọ̀kan. Èyí tó tóbi bí ìdérí ìkòkò ni o ò mọ̀. E ni.”

Dókítà tan iná sí Gọ́ọ̀mù lójú, ó pẹ́ níbẹ̀. “Awọ tó wà lẹ́yìn ẹyin ojú ẹ ti ń ya. Bọ́ọ̀lù kan péré sí i, ojú yìí lọ. Iṣẹ́ abẹ ni, lọ́la.”

“Ife Àgbáyé ńkọ́, mà?”

Dókítà ti ń kọ orúkọ aṣọ́lé kejì.

Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó di àpò ìyarun rẹ̀ mọ́ra. Gọ́ọ̀mù tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀.

“A lo kọ síbí.”

“Mo mọ̀.”

“E ló wà lára ògiri.”

“Mo mọ ìyẹn náà.” Kò gbójú sókè. “Ẹ gbá mi létí. Ẹ ṣáà rí i pé etí yẹn lẹ gbá, kì í ṣe ògiri.”

Gọ́ọ̀mù gbé ọwọ́ sókè lóòótọ́. Èjìká àbúrò rẹ̀ ni ọwọ́ náà bọ́ sí, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí ikọ̀ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ife Àgbáyé ni nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì ojú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Gọ́ọ̀mù kọ̀, kò lajú.

“Àǹtí mi,” àbúrò rẹ̀ wí, ó na ọwọ́ síwájú rẹ̀, “ìka mélòó nìyí?”

Gọ́ọ̀mù mi orí. Nígbà tó yá, ó la ojú náà. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, omi dà, nǹkan kan dúró láàárín omi náà.

“Mẹ́ta,” ó wí. “Ọ̀dà èékánná àárín ti bó.”

Ariwo sọ láti yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti ń wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Kò mọ ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n rẹ̀. Ó di ìka mẹ́ta náà mú, kò sì béèrè.