Ojú Tuntun fún Ẹ̀rọ Géèmù Káfíńtà

Sojúdọ̀tun ni wọ́n ń pè é nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n bá ti tú okùn ilé-iṣẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ṣí ìdènà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i, ló máa ń pa lójú dà. Tí o bá tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, dípò ojú funfun tó bá wáyé, àwòrán tó wù ọ́ ni yóò kí ọ. Onígbàgbọ́ ni. Kò jẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì gbàdúrà. Àmọ́ látìgbà tí oníwàásù kan ti ní ẹni tó bá gbàgbọ́ kì í ṣiyèméjì, ẹ̀dà ṣíṣe ti ń jọ àìnígbàgbọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí káfíńtà àdúgbò gbé ẹ̀rọ géèmù kan wá, àdúrà nìkan ló ṣe.

Àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ni káfíńtà fẹ́ kó fi ṣe ojú ẹ̀rọ náà. Obìnrin náà ló ni ẹ̀rọ náà, ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ sì wà nínú mẹ́mọ́rì, káàdì kékeré tó ń pa nǹkan mọ́ sínú ẹ̀rọ. Kò sí níbòmíràn.

Sojúdọ̀tun gbé ojú tuntun wọlé, ó pa ẹ̀rọ, ó tún tan án. Dúdú. Ó dúró títí. Dúdú náà ni.

"Ṣé ó ń sùn ni?" Káfíńtà bi í látorí àpótí tó jókòó lé.

"Ó ń ronú ni, bàbá."

"Èmi náà ti ń ronú látàárọ̀, ojú mi ò dúdú tó yẹn."

Ẹ̀rín ò jáde lẹ́nu Sojúdọ̀tun. Ó ti yé e wàyí: ẹ̀rọ tí kò tíì gba àtúnṣe tuntun tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ ni wọ́n ṣe irú ojú yẹn fún, èyí sì ti gbà á. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ tó bá kú sójú ọ̀nà báyìí a sì máa ba mẹ́mọ́rì jẹ́ nígbà mìíràn. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé bóyá kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

"Bàbá, mo ti ṣe àṣìṣe. Mi ò ṣe ẹ̀dà."

Káfíńtà dìde. "Ohùn ìyàwó mi ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Sojúdọ̀tun yọ mẹ́mọ́rì, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá níbẹ̀, kó tó wá pa ojú tuntun náà rẹ́. Ó dá mẹ́mọ́rì padà, ó tan ẹ̀rọ. Ojú funfun yọ. Káfíńtà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ ibi tó mọ̀. Ohùn obìnrin jáde, tẹ̀ríntẹ̀rín:

"Mo tún ti nà yín nídìí géèmù yìí, baálé mi. Ẹ lọ rẹ́ pákó yín."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni Sojúdọ̀tun wí. Káfíńtà ò ṣàmín.

"Ẹ jẹ́ kí n tún ojú yẹn ṣe, bàbá, mo ti rí ibi tó ti wọ́."

"Rárá o. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri mi. Ohùn yìí ni mi ò ní méjì."

Ó gba ẹ̀dà, ó gbé ẹ̀rọ mọ́yà, ó lọ. Ẹ̀rọ oníbàárà mìíràn wà lórí tábìlì tó ń retí ojú tuntun. Sojúdọ̀tun jókòó tì í, kò lè fọwọ́ kàn án: kò mọ̀ bóyá ẹ̀dà ló yẹ kóun gbẹ́kẹ̀ lé ni tàbí àdúrà.