Rúkúù Láìsí Ìrun

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Ó ti rẹ̀ mí láti àárọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló ní kí n sọ bí eré ìnara ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìlọrin, wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ fọn fèrè fún ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀ láti na ara. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ojú mi rí lórí fèrè yẹn.

Ìjọba òyìnbó kò tíì pẹ́ láàrin wa nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà lẹ́yìn ìlú, yàrá díẹ̀ tí wọ́n fi páànù bò, pápá gbalaja kan níwájú rẹ̀, àti òpó tí wọ́n ń ta àsíá sí. Èmi ni tíṣà kékeré ibẹ̀. Kí n tó débẹ̀, mo ti bá bàbá mi kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú láti ìgbà tí a bá ti kí Àsùbáà tán. Àáfà ni bàbá mi, ọmọ àáfà, iwájú ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Kùránì. Láti ilé kéwú, mo di iléèwé. Láti iléèwé, mo di oko bàbá mi lọ́nà Òkè-Oyi. Ara ta ló máa gbà á?

Orí gbogbo rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà wa, àjèjì kan tó ti Èkó wá, tún gbé ohun tí wọ́n ń pè ní díríìlì, eré ìnara yìí, lé. Ó na fèrè sí mi. Ó ní àwọn òyìnbó sọ pé ara ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ le kí orí rẹ̀ tó lè gba ìwé. Mo bojú wo àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan nínú wọn ń fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀nà Òkè-Oyi wá lójoojúmọ́, ẹrù iṣu ìyá rẹ̀ lórí, kó lè já a sọ́jà kó tó wá kàwé. Òun gan-an ni wọ́n ní kí n wá sọ ara rẹ̀ di líle! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo gba fèrè.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á kọjú sí òpó àsíá. Mo fọn fèrè, wọ́n na ọwọ́ sókè. Mo tún fọn ọ́n, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, ẹ̀yìn wọn tẹ́jú. Mo tún fọn ọ́n, wọ́n dìde. Fìlà ń já bọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Bàbá ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó ń hun òfì, ló ń gbé aṣọ rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó dúró, ó wò wá títí, ó wá fi igbe ta.

"Láhàólà! Ta ni ẹ ń ṣe rúkúù fún?"

Ó sọ aṣọ sílẹ̀, ó wọ inú ìlà, ó fa ọmọ rẹ̀ lápá aṣọ jáde. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Ẹni tó bá ń kírun mọ̀ pé bí a ṣe ń tẹ̀ nínú ìrun nìyẹn gẹ́lẹ́, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹ̀yìn títẹ́jú. Ọlọ́run nìkan la sì ń ṣe rúkúù fún. Àwa wá kọjú sí àsíá òyìnbó, à ń tẹ̀ ba. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kárí ìlú.

Bàbá mi gbọ́. Orúnkún rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, orí awọ àgbò ló ti ń jókòó kírun, orí nìkan ló ń tẹ̀ dípò rúkúù. Nǹkan náà ń dùn ún dé ọkàn. Ó pè mí.

"Rúkúù tí èmi ń wá tí n kò rí ṣe mọ́, òun ni ìwọ fi ń ṣeré lábẹ́ àsíá?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní eré ìnara ni, mo ní kò sí àníyàn ìrun nínú rẹ̀. Ó yí ojú kúrò. Nígbà tí mo kí sálámà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ilé àáfà lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọ̀tá ń jẹ́ sálámà ọ̀tá. Kí bàbá ẹni gbọ́ "Àsàlámù àlékúmù" lẹ́nu ọmọ tó bí, kó dákẹ́, ó sàn kó gbá mi létí. Àárọ̀ ni mo ń kí i, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kí i, ẹnu ọ̀nà ń dákẹ́ lé mi lórí. Iṣẹ́ tíṣà lè bọ́, mo mọ ọ̀nà oko. Ohùn bàbá mi ni mo ń wá.

Ni mo bá gbé ọgbọ́n kan yọ. Ṣé nítorí àsíá ni? Mo yí àwọn ọmọ kúrò níwájú àsíá, mo ní kí wọ́n kọjú sí gábàsì bí ẹni tó ń kírun. Inú mi dùn pé mo ti yanjú ẹ̀. Ha! Mo ti dáná sun ilé. Àwọn òbí tún dé.

"Níbo ni àlùwàlá wọn wà?"

"Ṣé fèrè wá ni lèmọ́mù wọn?"

"Ẹ wò ó, ó ń fi ìrun ṣe yẹ̀yẹ́!"

Nígbà tí a kọjú sí àsíá, wọ́n ní mo ń sọ ọmọ wọn di kèfèrí. Ní báyìí tí a kọjú sí gábàsì, mo tún di ẹni tó ń fi ìrun ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n kó ọmọ wọn lọ, ó kù díẹ̀ kí yàrá mi ṣófo. Ọ̀gá àgbà ní òyìnbó tó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ń bọ̀, èmi ni màá ṣàlàyé fún un. Mo délé, mo sùn gbalaja sórí ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sú mi.

Ìyá mi gbé ẹ̀kọ wá bá mi. Ó wò mí, ó ní, "Àlàyé rẹ ti pọ̀ jù. Lọ bi bàbá rẹ."

Lẹ́yìn Àlàásárì mo lọ bá a. Ó jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀, búta àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo kí sálámà. Ètè rẹ̀ mì, mo rò pé tẹ̀súbáà ló ń kà. Mo jókòó sórí ilẹ̀.

"Bàbá, n kò wá ṣàlàyé. Títẹ̀ wo ni kì í ṣe ti ìrun? Ẹ kọ́ mi."

Ó gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́."

"Ẹ̀gbẹ́ kẹ̀, Bàbá?"

"Wo gbogbo ìrun tí o mọ̀. Láti Àsùbáà dé Ìṣáì. Ìrun yídì. Ìrun òkú. Èwo la ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí nínú wọn?"

Mo fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan.

"Dìde, ṣe é kí n rí i."

Mo dìde. Mo na ọwọ́ kan sókè, mo tẹ̀ sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ sósì.

"Súbúhánàlàì! O dà bí ìbẹ́pẹ tí atẹ́gùn ń tì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Fà mí dìde." Mo gbá a mú lábẹ́ apá, òun náà tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbàdí rẹ̀ dún kẹ́kẹ́. "Háà," ló wí, "ibẹ̀ yẹn ti ń wá ẹni tó máa na án."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n gbé òun dé mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn ìrun, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ̀gbẹ́ nìkan ni àwọn ọmọ yóò máa tẹ̀, wọn kò ní kọjú sí àsíá, wọn kò ní kọjú sí gábàsì. Ọmọ ahunṣọ yẹn ló kọ́kọ́ padà. Òyìnbó náà dé lórí ẹṣin, ó béèrè ìdí tí ẹnì kankan kò fi tẹ̀ síwájú. Ọ̀gá àgbà bojú wò mí. Mo ní bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ó mi orí, ó gun ẹṣin rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti toko dé, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, màá fa bàbá mi dìde, a ó jọ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún rẹ̀ kò gbádùn. Kò rí rúkúù ṣe mọ́ títí tó fi lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbé e mọ́ra báyìí, mo sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fún un.

"Bàbá, gbogbo ìgbà tí ẹ kò fi jẹ́ sálámà mi yẹn, ó dùn mí gan-an."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ta ló ní n kò jẹ́ ẹ? Ṣé Mùsùlùmí lè gbọ́ sálámà kó má jẹ́ ẹ ni? Mo ń jẹ́ ẹ. Ìwọ ni n kò jẹ́ kó o gbọ́."

Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Èmi náà ti ń jókòó kírun báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ṣì máa ń kí sálámà, mo sì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó wọlé.