Bàbá Mi Ló Dá Iṣẹ́ Abẹ Dúró

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ẹni tí ń ti ibùsùn aláìsàn kò já mọ́ nǹkan, kó má sọ ọ́ létí mi o. Ogún ọdún ni Yísà, bàbá mi, fi ti ibùsùn onítáyà ní ọsibítù kan ní Ẹ̀pẹ́.

Ní ọdún 1954, Dókítà Adélàjà dé, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ń fọwọ́ kan aláìsàn máa wá kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kan yínmú sí bàbá mi pé kí ló kan ẹni tí ń ti ibùsùn níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé obìnrin kan wà tí bàbá mi tì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàyè, tí wọ́n tún tì jáde lókùú, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ ohun tó pa á. Ní kíláàsì ni bàbá mi ti gbọ́ ọ: bí èèyàn bá jẹun kó tó gba oògùn oorun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, oúnjẹ náà lè padà sọ́fun, kó dí i léèémí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìpá ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún Kàsímù apẹja. Bí bàbá mi ṣe ń tì í lọ, wọ́n rí epo lábẹ́ èékánná rẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Wọ́n dúró. Kàsímù búra pé òun ò fi nǹkan kan ẹnu. Ìyá rẹ̀, Tàwàkálítù, tí ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo, bẹ̀rẹ̀ sí í bú bàbá mi pé wọn ò fẹ́ kí ọmọ òun gbádùn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa tì í bọ̀. Bàbá mi fàáké kọ́rí.

Dókítà fi ìbínú jáde.

Bàbá mi ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Dókítà. Ọkùnrin yìí ti jẹun. Tí mo bá tì í wọlé, mi ò mọ bí n óò ṣe tì í jáde.”

Bàbá mi wá yíjú sí ìyá náà, wọ́n rọra bi í ní ohun tó fún ọmọ rẹ̀. Ìyá náà bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. Ẹ̀kọ méjì àti ẹja yíyan tó fi epo sí ni.

“Ta ló máa fi ebi rán ọmọ rẹ̀ lọ sábẹ́ ọ̀bẹ?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sún un di ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, Kàsímù sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Orí mi wú, kí n má purọ́. Láti ọjọ́ náà títí bàbá mi fi fẹ̀yìn tì, Dókítà Adélàjà kì í mú ọ̀bẹ láìkọ́kọ́ wo ojú wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi á wá ní, “Ó yá, Dókítà.”