Ìyá Tó De Béjidé Lọ́wọ́

Kí n má parọ́ mọ́ Béjidé káfíńtà: ó mọṣẹ́. Ní ọdún 1954 tí à ń sọ yìí, kò sí ẹni tó lè fá pákó kó dán tó tirẹ̀ ní àdúgbò wọn l'Óṣogbo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í parí ẹ̀. Ẹ wọ ìsọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí àpótí tí kò ní ìdérí, bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àti fèrèsé kan tí ẹni tó ní kó kàn án ti fi ẹní bo ojú ihò ilé rẹ̀ láti ọdún méjì.

"Ọwọ́ ayé ni," ni Béjidé máa ń wí, á sì fi àgbọ̀n júwe ojúde.

Ayé tó ń wí náà ni Mọ́rìnọ́lá, ìyáálé ìyá rẹ̀, obìnrin Ìmẹ̀sí-Ilé tí Ògúnmọ́dẹdé bàbá Béjidé fẹ́ wá sí agboolé náà láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá náà kò ju mẹ́ta lọ. Kò bímọ, kò tètè kú, ó sì fẹ́ràn láti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó máa wo ènìyàn. Bí wíwò bá ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni, adìyẹ kan ì bá má yé ẹyin mọ́ nínú agboolé yẹn.

Nígbà tí rélùwéè ń wá káfíńtà, Béjidé sùn títí àkókò ìdánwò fi ré e kọjá. Ó ní ìyá ló fi oorun há òun lójú. Kò mẹ́nu ba agbè ẹmu tó dá mu tán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ló ń pa lówe kiri, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó gbọ́ igbe kankan bí kò ṣe ìhanrun rẹ̀.

Ẹ̀rín ni lójú wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín lọ́dọ̀ ìyá. Èkuru ló máa ń sè fún àwọn ọmọ agboolé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Béjidé tàn kálẹ̀, àwọn ìyálọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí fa ọmọ wọn sẹ́yìn, èkuru sì ń tutù sínú àwo. Ó dùn ún wọra.

Ìjọba wá kéde pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, gbogbo ọmọ yóò máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìwé pọ̀, ìjókòó kò sí. Tíṣà àgbà kan tó ń jẹ́ Ayọ̀délé sọ fún Béjidé pé kó gbé bẹ́ǹṣì kan wá lọ́jọ́ Ajé kí òun wò ó. Bó bá dára, tirẹ̀ ni iṣẹ́ ilé ìwé náà. Béjidé fi ijó délé. Ó jókòó, ó wo ojúde, ó rí ìyá, ó mí kanlẹ̀.

"Kò lè ṣeé ṣe."

Àdíját ìyàwó rẹ̀, tó ti ń gbọ́ èyí láti ọdún mẹ́sàn-án, dìde. Ilé ìyá ló gbà lọ, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá tẹ̀pá wá sí ìsọ̀.

"Béjidé, wọ́n ní èmi ni mo dè ọ́."

Béjidé wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀, kò rí. "Ìyá Àgbà, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ìwọ ni. Ó dáa, mo ti tú ọ. Mo tú ọwọ́, mo tú ẹsẹ̀, mo tú oorun náà mọ́ ọn. Ó ku ìwọ àti ugi, ó ku uṣẹ́." Ogójì ọdún l'Óṣogbo kò gba Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu rẹ̀.

Ó padà sílé, ó sì ti ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń wo Béjidé.

Ẹ̀rù ba Béjidé ju ìgbà tí wọ́n ṣì dè é lọ. Bí pákó yìí bá bàjẹ́, ta ni yóò dárúkọ? Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í kúkú tan ni jẹ. Ó mú ayùn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bẹ́ǹṣì ti dúró. Ó dúró, àmọ́ ó fì. Ẹsẹ̀ kan fi ìka kan kúrú. Inú Béjidé fẹ́ẹ̀ dùn. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà ìyá.

"Ìyá Àgbà, ẹ ò tíì tú u tán o! Ẹsẹ̀ kan kúrú!"

Ohùn ìyá jáde láti inú ilé. "Nígbà tí o ń gé e, ta ló di ayùn mú?"

Béjidé wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìtìjú mú un. Ó padà, ó sì gé ẹsẹ̀ mìíràn. Pákó àfàrà tó funfun ló fi ṣe é, nítorí ìrókò tó fi ṣe ìyókù ti tán.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà Ayọ̀délé jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà, ó mì í síwá mì í sẹ́yìn, kò yẹ̀. "Kí ló dé tí ẹsẹ̀ kan fi funfun?"

"Ìyá…" Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ funfun náà. "Èmi ni mo gé ti àkọ́kọ́ kúrú, sà. Mi ò fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n."

Tíṣà dìde. "Gbé èyí lọ sílé. Ogójì irú rẹ̀ ni mo fẹ́, kí o sì wọ̀n wọ́n dáadáa."

Ẹnu ọ̀nà ìyá ni Béjidé gbé bẹ́ǹṣì náà kalẹ̀ sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Àgbà, ẹ ò dè mí rí. Èmi ni mo parọ́ mọ́ yín."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ní n ò dè ọ́, ṣé ìwọ á gbà?" Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àwo èkuru lé itan. "Ó ti jinná. Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Béjidé wẹ̀yìn. Àwọn ìyálọ́mọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, kálukú di ọmọ tirẹ̀ mú. Ó jókòó ti ìyá níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, ó sì bu òkèlè àkọ́kọ́.