Aṣọ Tí Mo Fi Bo Kọ̀ǹpútà

Àlàó, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí í fi àyà gba ọfà, òun ló ń tẹ kọ̀ǹpútà àgbérìn tó rí bí àpótí ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ wa ní Ṣakí. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Bàbá, ni mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Bí a ti ń bo rédíò nílé nígbà ọyẹ́ ni mo ṣe ń fi aṣọ bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Lọ́sọ̀ọ̀sán ni ẹ̀rọ ń kú. Ọ̀gá ní díìsìkì inú rẹ̀, tó ń gba iṣẹ́ pamọ́, ló bàjẹ́. Ó ti rán Àlàó lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ mú òmíràn wá, kò yí padà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ rán an lẹ́ẹ̀kẹta, ọyẹ́ bo títì débi pé a ò rí igi iwájú ọ́fíìsì.

Àlàó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ó gbóná jù. Ẹ̀yìn ni eléyìí fi ń mí. Ẹ jẹ́ ká ṣí aṣọ Bàbá yìí wò ná."

"Ṣé ìyàwó tuntun ni, tí o fẹ́ ṣí ìbòjú rẹ̀? Máa lọ, jàre."

Ó lọ. Mo ṣí aṣọ náà. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, kò kú.

Kí a tó kírun màgàríbà, wọ́n wá sọ pé ọkọ̀ tí Àlàó wọ̀ kọlu tírélà nínú ọyẹ́ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, la sin ín.