Ọwọ́ Mi Nínú Ọ̀fun Màlúù

Ọwọ́ ọ̀tún mi ti wọ ọ̀fun màlúù náà dé ìgúnpá, ìka mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kan nǹkan líle kan, kí ẹni tó ni ín tó rántí pé ajá kan ti bù ú jẹ.

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni ọkùnrin náà wí. Àgbẹ̀ ni, láti abúlé Oworo kan. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ti bù ú jẹ. Ṣùgbọ́n ajá ọ̀hún ò lè dà á láàmú mọ́. Ó ti kú."

"Kí ló pa ajá náà?" ni bàbá òṣìṣẹ́ tó ń bá mi di màlúù mú bi í.

"A kàn bá òkú rẹ̀ ni. Orí ẹ̀ ti kọ́kọ́ dàrú díẹ̀."

Mo yọ ọwọ́ mi. Itọ́ bò ó láti ìka dé ìgúnpá, ojú ibi tí eyín màlúù náà ti ha mí sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Mi ò wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ wà lórí tábìlì. Mo ń rí i láti ibi tí mo dúró sí.

Ọdún kìíní mi nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran ni, nígbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Kwara. Lẹ́yìn tí a ti há orúkọ egungun sórí fún sáà méjì, wọ́n pín wa sí àwọn ilé ìwòsàn ẹran káàkiri, kí a lè rí ẹran tó ṣì ń mí. Lọ́kọ́ja ni wọ́n fi mí sí, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi obìnrin ní àdúgbò Kabawa. Àsìkò máńgòrò ni. Ìwé wa sọ pé bí màlúù bá ń da itọ́, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, kí a wò ó bóyá nǹkan há a lọ́fun. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, a ti yọ kóró máńgòrò lọ́fun màlúù méjì. Nígbà tí mo rí ìkẹta, mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé kan náà sọ, ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, pé bí àrùn dìgbòlugi náà ṣe máa ń rí lára màlúù nìyẹn. Mi ò tíì ka ojú ewé yẹn.

Dókítà tó ń kọ́ mi jáde wá. Ó ní kí n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì dúró tì mí, ó ń wo aago.

"Ìbọ̀wọ́ dà?"

"Ó wà lórí tábìlì, sà."

"Ó dára. Òun ò ní kó àrùn."

Ẹnikẹ́ni ò tún fọwọ́ kan màlúù náà. Wọ́n so ó mọ́ igi lẹ́yìn ilé, ikùn rẹ̀ wú, ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà gé orí rẹ̀, ó dì í sínú yìnyín, ó fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò lọ́nà Jos. Wọ́n sin ìyókù. Ó wá fi ohùn tó fi ń kọ́ wa ní kíláàsì sọ fún mi pé bí àrùn yìí bá ti lè fara hàn lára ènìyàn, kò sí ìwòsàn. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Mo ní ó yé mi, sà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ fún mi ní ọsibítù, ọ̀kan lójúmọ́, ní ikùn. Mo sọ fún àǹtí mi pé abẹ́rẹ́ ibà ni. Kí n tó délé lọ́jọ́ kejì, gbogbo agbo ilé ti mọ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó bá ní dìgbòlugi máa ń sá fún omi. Láti ìgbà náà lọ, bí mo bá ti yọjú, ife omi á ti dé.

"Òkun o," àǹtí mi á kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni lágbègbè ibẹ̀. "Mu omi, ọmọ mi."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún tán, Àǹtí."

"Mu ún lójú mi."

Màá mu ún, gbogbo wọn á máa wo ọ̀fun mi. Bí mo bá mu ún tán, àwọn ọmọdé á padà sídìí eré wọn. Èmi náà ń lọ sí etí odò láràárọ̀ láti wò ó bóyá mo ń bẹ̀rù omi. Mi ò bẹ̀rù odò. Gbogbo nǹkan tó kù ló ń bà mí lẹ́rù: orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, ajá tó bá gbó.

Nílé ìwòsàn, bàbá òṣìṣẹ́ yẹn gba okùn lọ́wọ́ mi, ó ní òun á máa dá ẹran dì. Lọ́jọ́ kẹfà, ó wo bàtà rọ́bà mi.

"Dókítà kékeré, nọ́ńbà mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́jọ ni, Bàbá."

"Mẹ́jọ náà ni tèmi," ó wí, ó sì ń bá ilẹ̀ gbígbá rẹ̀ lọ.

Mo ti gba abẹ́rẹ́ méjìlá nígbà tí lẹ́tà dé. Dókítà kà á lóòró, ó tún un kà, ó wá nà án sí mi. Wọn ò rí dìgbòlugi nínú ọpọlọ màlúù náà. Ó ní kí n má lọ gba méjì tó kù mọ́.

Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè pé, "Kí ló wá pa á, sà?"

"Ìwọ lo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Kí lo bá níbẹ̀?"

"Nǹkan líle kan, sà. Ìka mi ti kàn án."

"O ò sọ."

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí, sà."

Ó wo ẹ̀yìn ilé, níbi tí a sin màlúù náà sí. Ó mú ìwé máàkì mi, ó kọ máàkì kan síwájú àyẹ̀wò, ó kọ òdo síwájú ìbọ̀wọ́. Àwa méjèèjì ò sọ ti àgbẹ̀ tó ni màlúù náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àǹtí mi gbé ife omi wá. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Ó wò mí, ó wo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé omi náà padà wọlé.